Fáànù ń yí, iná tàn, mọ́nítọ̀ dúdú: kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti ní bọ́ọ̀dù ẹ̀ kú

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, desktop ni, irú èyí tí wọ́n ra ẹ̀yà ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wá tò ó pọ̀ sínú case. Processor ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀, Core i5-4570, ìyẹn fourth generation tó jáde ní 2013, bọ́ọ̀dù ẹ̀, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, H81 tó ní ihò méjì péré fún RAM, memory tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ máa ń wà, DDR3 4GB méjì ló wà nínú ihò yẹn, hard disk kan, àti power pack tó ń pín iná fún gbogbo wọn, tí wọ́n kọ 500 wáàtì sí lára, ẹni tó bá gba ohun tí wọ́n ń kọ sára power pack olówó pọ́ọ́kú gbọ́ ló mọ̀. Àǹtí kan tó ní business centre ní Apẹ́tẹ́ n'Ìbàdàn ló ni ín, àdúgbò tí àwọn ọmọ Poly ń gbé, ó ń bá wọn tẹ project, ó ń ṣe photocopy, ó ń print, orí ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ wà.

Ohun tó ń ṣe nìyí: tẹ́ ẹ bá tẹ power, iná iwájú á tàn, fáànù processor á máa yí, fáànù power pack á máa yí, hard disk á dún bó ṣe máa ń dún, mọ́nítọ̀ á kọ No Signal, á sì ṣú. Kò ní kú fúnra ẹ̀, kò sì ní tún ara ẹ̀ tàn, bẹ́ẹ̀ ló máa wà títí ẹ ó fi yọ wáyà ẹ̀ lára ògiri. Mo sọ ìyẹn nítorí ẹ̀rọ tó bá tàn tó tún kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì, tó tún tàn, tó tún kú, ibòmíì lèmi máa ń kọ́kọ́ wò ní tiẹ̀, nǹkan kan ló sábà máa ń ṣe short níbẹ̀, ìyẹn ni pé iná ń gba ibi tí kò yẹ kó gbà, power pack sì ń sá fún un. Èyí ò sá fún nǹkan kan. Ó kàn ń wò wá ni.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ó ti gba ọwọ́ àwọn kan kọjá. Àǹtí yẹn ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni power pack tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jóná nígbà tí NEPA mú iná wá tó lágbára jù, ẹnìkan bá òun pààrọ̀ ẹ̀, ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ lọ, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tóun ń print iṣẹ́ lọ́wọ́ tí screen kàn lọ báyẹn. Ó ní òun gbọ́ òórùn kan díẹ̀ àmọ́ jẹnẹrétọ̀ onílé ẹ̀gbẹ́ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, òun rò pé ti jẹnẹrétọ̀ ni. Ó pe ẹlòmíì. Onítọ̀hún ní VGA orí bọ́ọ̀dù, ìyẹn ibi tó ń gbé àwòrán jáde, ló jó, ó ta graphics card fún un, kò yọrí sí nǹkan kan, ló bá tún ní á jẹ́ pé bọ́ọ̀dù gan-an ló ti kú nìyẹn, kí wọ́n lọ wá owó bọ́ọ̀dù. Owó tó dá lé e ló jẹ́ kí àǹtí gbé e tọ̀ mí wá. "Ẹnjiníà, tó bá jẹ́ pé ó ti kú lóòótọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi o, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bá mi wò ó ná, ẹ jọ̀ọ́, project àwọn ọmọ yẹn wà níbẹ̀."

Nínú iṣẹ́ wa yìí kò sóhun tó rọrùn láti sọ tó "bọ́ọ̀dù ti kú." Oníbàárà ò lè já ẹ nírọ́, o ò sì ní láti ṣàlàyé nǹkan kan, wàá kàn mi orí, wàá dárúkọ owó. Èmi ò sọ pé bọ́ọ̀dù kì í kú o, ó ń kú dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá sọ pé ó kú yẹ kó lè sọ ohun tóun wọ̀n, ibi tóun ti wọ̀n ọ́n, àti ohun tí mítà kọ. Ẹni tó wò ó ṣáájú mi ò mú mítà dání rárá, àǹtí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mọ́nítọ̀ la kọ́kọ́ mú kúrò nínú ọ̀rọ̀, ìyẹn ò gba àkókò. Mọ́nítọ̀ tó ń kọ No Signal, ó wà láàyè, ó kàn ń sọ pé ẹnikẹ́ni ò bá òun sọ̀rọ̀ ni. A fi wáyà VGA yẹn kan náà so ó mọ́ laptop kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àwòrán jáde, wáyà dáa, mọ́nítọ̀ dáa, ó parí. Lẹ́yìn ìyẹn mo yọ graphics card tí wọ́n tà fún un kúrò pátápátá. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, card wà nínú ihò ẹ̀, àmọ́ ara bọ́ọ̀dù ni wọ́n ṣì ki wáyà mọ́nítọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ló jẹ́ pé tó bá ti rí card, ara card ló máa gbé àwòrán gbà, ojú ihò tó wà lára òun fúnra ẹ̀ á ṣú. Ìyẹn nìkan lè mú kí kọ̀ǹpútà tára ẹ̀ le dà bí òkú. Processor tiẹ̀ yìí ní graphics tiẹ̀ nínú, HD 4600, kò nílò card kankan láti gbé àwòrán jáde. Ẹ fọkàn sí i ṣá, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀: àwọn Intel tí lẹ́tà F wà ní ìparí nọ́ńbà wọn, bíi i5-9400F, kò ní graphics nínú, ọ̀pọ̀ Ryzen tó jáde ṣáájú 7000 series náà tí kò ní lẹ́tà G kò ní in. Mo ti rí ẹni tó ra irú ẹ̀, tó ki HDMI mọ́ ara bọ́ọ̀dù, tó wá ń bú ẹni tó ta bọ́ọ̀dù fún un.

Nígbà tí mo ṣí ẹ̀gbẹ́ case, mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ inú ẹ̀ wò kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ní ibi tá a wà yìí ojú ló máa ń kọ́kọ́ rí i: ọmọńlé tó kú sórí ẹsẹ̀ chip, ìgbẹ́ aáyán, wáyà tí eku ti gé, eruku tó ti mu ọ̀rinrin tó wá di bí ẹrẹ̀. Capacitor tí orí ẹ̀ wú tàbí tó ń ṣomi náà, ojú lèèyàn fi ń rí i, àwọn bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ 2000s ló pọ̀ lára jù, torí capacitor tí omi inú wọn ò dáa tó gbòde nígbà yẹn. Ti ẹ̀rọ yìí jẹ́ solid gbogbo ẹ̀, orí wọn tẹ́jú. Eruku wà, ọmọńlé ò sí. Heat sink processor, irin tó ń gba ooru lára ẹ̀, tóbi, fáànù ẹ̀ sì bo igun òkè bọ́ọ̀dù débi pé ojú ò ríran dáadáa síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi igun yẹn síbẹ̀ ná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn nìyí. Case tí wọ́n ń tà báyìí kì í sábà ní sípíkà, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù ṣì ní ibi tí wọ́n ń ki í sí, pin mẹ́rin tí wọ́n kọ SPEAKER sí. Sípíkà róńdó kékeré, tí owó ẹ̀ ò ju ti búrẹ́dì lọ, ẹni tó bá ń tún desktop ṣe tí kò ní in nínú àpò, mi ò mọ ohun tó ń ṣe. Mo ki í síbẹ̀, mo yọ RAM méjèèjì, mo yọ hard disk, mo tẹ power.

Kò dún.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ ti yọ RAM tán, báwo ló ṣe máa dún?" Mo ní torí pé mo yọ RAM gan-an ló ṣe yẹ kó dún. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀, torí gbogbo àyẹ̀wò yìí, ibẹ̀ ló dúró lé. Tẹ́ ẹ bá ki wáyà sí ògiri lásán, tẹ́ ò tíì tẹ nǹkan kan, power pack ti ń gbé fólítì 5 kan jáde látorí wáyà purple, òun ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀dù gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀dù á fa wáyà gíríìnì wá sílẹ̀, power pack á jí, á gbé 12, 5 àti 3.3 jáde, tí wọ́n bá ti dúró dáadáa á fi wáyà grey sọ fún bọ́ọ̀dù pé ó ti yá. Ìgbà yẹn ni circuit tó yí processor ká á mú 12 yẹn, á sọ ọ́ di fólítì kékeré tí processor ń lò, processor á jí, á lọ ka BIOS, ìyẹn ètò kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà, BIOS á wá ní kó wo RAM, tí RAM bá wà kó wo ọ̀rọ̀ àwòrán. Tí RAM ò bá sí, BIOS á ní kó pariwo. Ta ló ń pariwo? Processor ni. Nítorí náà bọ́ọ̀dù tí kò ní RAM tó ń dún bíìpù, ìròyìn ayọ̀ ni, ó túmọ̀ sí pé power pack, processor, BIOS àti èyí tó pọ̀ jù lára bọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò ní RAM tí kò sì dún, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò tíì dé orí RAM, ká má tiẹ̀ wá sọ VGA. Ẹni tó ta graphics card fún àǹtí, ìdí igi tí kò léso rárá ló ti ń ká èso.

Àwọn ohun tó kù tí mo fura sí ò wá pọ̀ mọ́: power pack, iná tó ń lọ sí processor, processor fúnra ẹ̀ àti ihò ẹ̀, BIOS, tàbí bọ́ọ̀dù lóòótọ́.

Mo mú power pack jáde. Fún ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń dá a tàn láìsí bọ́ọ̀dù: lára plọ́ọ̀gì ńlá tó ní pin 24, ẹ so wáyà gíríìnì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ mọ́ dúdú èyíkéyìí, ó máa tàn. Mo so hard disk mìíì kan tó ti bàjẹ́ mọ́ ọn kó ní ohun tó máa gbé, torí power pack tí ò gbé ẹrù kankan lè fi fólítì ẹlẹ́wà hàn yín. Mítà kọ 12.1, 5.06, 3.34. Ó ní àyè ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sókè sódò, ìyẹn 12 lè wà láàárín 11.4 sí 12.6, 5 láàárín 4.75 sí 5.25, gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Tá a bá ti dórí ọ̀rọ̀ power pack báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ki tókúnbọ̀ kankan sí ògiri. Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá lè ní switch pupa kékeré kan tó wà ní 115. Iná wa 230 ni. Tẹ́ ẹ bá ki í bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbọ́ "gbàù" kan, fiúsì lọ nìyẹn, àwọn nǹkan míì sì lè bá a lọ. Èyí tí wọ́n kọ 100-240V sí tí kò ní switch, kò sí wàhálà.

Mo dá power pack padà sára bọ́ọ̀dù, a tẹ̀ ẹ́, mo ki ẹnu mítà sí ẹ̀yìn plọ́ọ̀gì 24, 12 wà. Mo ki í sí ẹ̀yìn plọ́ọ̀gì kékeré oníhò mẹ́rin tó wà ní igun òkè lọ́hùn-ún, 12 wà níbẹ̀ náà. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, iná pé. Ó jọ pé bọ́ọ̀dù ti kú ṣá."

Kò tíì yá. A tú bọ́ọ̀dù jáde, a gbé e lé orí páálí, torí nígbà míì sìkrú kan tó já sábẹ́ bọ́ọ̀dù tàbí ìdúró irin tó wà níbi tí kò yẹ nínú case ló ń ṣe short. Mo yọ processor, mo fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ihò ẹ̀ dáadáa. LGA1150 lorúkọ ihò yẹn, pin inú ẹ̀ tó 1150, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí aṣọ bá fà á díẹ̀ báyìí ó ti tẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ẹ wo bí wọ́n ṣe tò, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ dán bákan náà lórí gbogbo wọn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yàtọ̀ ni pin ti tẹ̀. Kò sí èyí tó tẹ̀. Mo dá processor padà, mo fi paste tuntun sí i, mo yọ bátìrì CMOS, bátìrì róńdó tó ń jẹ́ kí BIOS rántí aago àti ohun tí wọ́n tò sínú ẹ̀, kúrò ná. A fi ẹnu sukudiráfà kan pin méjì tí bọ́tìnnì power máa ń wà. Fáànù yí. Sípíkà dákẹ́.

Ní báyìí tí heat sink ti ṣí igun yẹn sílẹ̀ díẹ̀ tí bọ́ọ̀dù sì wà níta, mo gbé bọ́ọ̀dù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi dì í mú, mo wá wọ̀n iná plọ́ọ̀gì oníhò mẹ́rin yẹn, àmọ́ kì í ṣe láti ẹ̀yìn wáyà mọ́, ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ni mo ti wọ̀n ọ́n, lórí sọ́dà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gbà yọ sí òdìkejì. Mítà ń lọ sókè ó ń wá sílẹ̀, kò dé 4. Mo tún padà sí ẹ̀yìn wáyà: 12. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù: kò dé 4. Àárín ibi méjèèjì yẹn ò tó ìka kan, ibẹ̀ ni fólítì mẹ́jọ ń sọnù sí.

Mo pa á, mo fa plọ́ọ̀gì yẹn, kò fẹ́ kúrò. Ó ti lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ki í sí. Nígbà tó já, òórùn tí àǹtí sọ jáde. Ike tó yí wáyà yẹ́lò méjèèjì ká ti di búráùn, ọ̀kan nínú irin inú ẹ̀ dúdú bí èédú, èkejì ti lanu ó sì ti sún sẹ́yìn nínú ihò ẹ̀, kò kan pin bọ́ọ̀dù dáadáa mọ́. Lára bọ́ọ̀dù náà, pin méjì tó kọjú sí wọn ti pọ́n, wọ́n ti ṣe gbágungbàgun.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ò le. Plọ́ọ̀gì oníhò mẹ́rin yẹn, processor nìkan ló ń bọ́. Fáànù, chipset, USB, ọ̀dọ̀ plọ́ọ̀gì 24 ni wọ́n ti ń jẹ tiwọn, hard disk ní wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tó fi jẹ́ pé fáànù á máa yí, iná á tàn, hard disk á dún, tí processor ò sì rí nǹkan kan jẹ nìyẹn. Fáànù tó ń yí ò fi ohunkóhun hàn ju pé fáànù rí 12 lọ. Wáàtì 84 ni wọ́n kọ fún i5-4570, tẹ́ ẹ bá pín in sí fólítì 12, ampere 7 nìyẹn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, wáyà yẹ́lò méjì á sì pín in gbé, 3.5 níkọ̀ọ̀kan, ìyẹn ò tó nǹkan. Àmọ́ nígbà tí wọ́n pààrọ̀ power pack, ó dà bíi pé wọn ò tẹ plọ́ọ̀gì yẹn títí tí èékánná ẹ̀ á fi gbá mọ́ ọn, torí heat sink dí ọwọ́ níbẹ̀. Irin kan wọlé dáadáa, èkejì kàn fara kan pin. Ibi tó kàn fara kàn yẹn ń gbóná, gbígbóná ń jẹ́ kí irin ẹ̀ lanu sí i, lílanu ń jẹ́ kó tún gbóná, nígbà tó jó tán, ampere méjèèje bọ́ sọ́rùn ẹnìkejì, òun náà sì gba ibẹ̀ lọ. Oṣù mélòó kan ló fi ṣe é, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Kí n tó fi iná sí i padà, mo ní láti mọ̀ bóyá bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ló ń fa iná jù tó fi jó bẹ́ẹ̀. Tí MOSFET kan, ọ̀kan nínú àwọn chip kékeré tó ń sọ 12 di fólítì processor, bá ti ṣe short ní agbègbè processor, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, èyí tuntun náà á jó ni, bóyá pẹ̀lú processor. A pa gbogbo ẹ̀, a yọ processor, mo fi mítà sí ohm, ẹnu kan lórí ẹsẹ̀ 12 yẹn, ẹnu kejì sí ilẹ̀. Short máa ń fi nǹkan bí òdo hàn, á sì dúró síbẹ̀. Ti èyí bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ó sì ń gùn, ó ń gùn, capacitor ló ń mu iná kékeré tó wà nínú mítà, ó kọjá ẹgbẹ̀rún ohm kó tó dẹwọ́. Kò sí short. Mo sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé bọ́ọ̀dù ò kú, ebi ló ń pa á.

Àtúnṣe ẹ̀ gba sùúrù ju ọgbọ́n lọ. Mo yọ ihò oníhò mẹ́rin lára bọ́ọ̀dù kan tó ti di pàǹtí, láti fi rọ́pò èyí tó jó. Ẹni tó bá ti gbìyànjú ẹ̀ rí mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjì tó jẹ́ ti ilẹ̀ ló máa ń ṣagídí, torí kọ́pà tó wà nínú bọ́ọ̀dù níbẹ̀ gbòòrò, gbogbo ooru tí ìrin sọ́dà bá fún un ló ń mu. Ìrin kékeré 25 wáàtì ò lè ṣe é, 60 ni mo lò, mo sì kọ́kọ́ yọ́ sọ́dà tuntun tó ní òjé lé èyí tó wà níbẹ̀ torí ó tètè ń yọ́, ó sì ń fa ti àtijọ́ mọ́ra. Ẹ má fi agbára fà á o, tẹ́ ẹ bá fà á kí sọ́dà tó yọ́ tán, ẹ máa fa òrùka kọ́pà inú ihò yẹn jáde, ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀dù máa wá kú lóòótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn mo gé plọ́ọ̀gì tó jó kúrò lára power pack, mo mú èyí tó dáa pẹ̀lú wáyà ẹ̀ lára power pack mìíì tí transformer ẹ̀ ti lọ, mo so wọ́n ní ọ̀kan ga ọ̀kan kúrú kí ojú ìsopọ̀ wọn má kan ara wọn, mo fi sọ́dà sí i, mo wá fi rọ́bà tó ń fún mọ́ra tó bá rí iná bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò kàn lọ́ wáyà pọ̀ kí n fi tape dì í. Ohun tó sun èyí àkọ́kọ́ ni ìsopọ̀ tí kò gún.

Kò sí RAM nínú ẹ̀ síbẹ̀. A fi sukudiráfà tàn án, sípíkà ké.

Mo ki RAM àkọ́kọ́ sí i, ó ṣì ń ké. Mo sún un sí ihò kejì, ó ń ké. Mo yọ ọ́, mo ki èkejì, ó dún ẹ̀ẹ̀kan péré, mọ́nítọ̀ tàn, orúkọ bọ́ọ̀dù jáde. Mo dán RAM tó dáa yẹn wò nínú ihò méjèèjì, ó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, ihò ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo fi iréésà nu eyín wúrà èyí tó ń ké, mo fi alcohol nù ún, kò gbọ́. Nígbà tí mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ mo rí i pé eyín méjì lára ẹ̀ ní àmì dúdú tín-tìn-tín. Mo mọ àmì yẹn. Ẹnìkan ló yọ RAM tàbí tó ki í nígbà tí wáyà ṣì wà lára ògiri, wọ́n rò pé torí fáànù ò yí, kò síná. Fólítì 5 ti wáyà purple ṣì ń lọ. Ẹ yọ wáyà lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì power mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí capacitor tú èyí tó kù sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan RAM. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ní ohun kan tó ń ṣe é fi di èyí tó ní méjì lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wò ó sàn.

A so hard disk padà. Windows bẹ̀rẹ̀, ló bá di blue screen: INACCESSIBLE BOOT DEVICE. Àǹtí wà nítòsí lọ́jọ́ yẹn, ó rí i, ọwọ́ ló ká lé orí, ó ní "Ẹnjiníà, ó ti lọ, project àwọn ọmọ ti lọ!" Ẹ gbọ́, ọ̀pọ̀ ló máa mú flash jáde lójú ẹsẹ̀ láti format, bẹ́ẹ̀ disk ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo yọ bátìrì CMOS, BIOS gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n ti tò sínú ẹ̀, ó padà sí bó ṣe wá. Ẹni tó fi Windows síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fi í síbẹ̀ nígbà tí SATA, ọ̀nà tí disk fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, wà lórí ètò àtijọ́ tó ń jẹ́ IDE, BIOS ti gbé e padà sórí ètò tuntun, AHCI, Windows ò wá dá ọ̀nà mọ̀ mọ́. Mo wọ inú BIOS, mo gbé e padà sí IDE, mo save, Windows wọlé wẹ́rẹ́, gbogbo fáìlì wà níbi tí wọ́n wà. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni kí n kó folder àwọn ọmọ yẹn sórí disk mìíì.

Bátìrì yẹn fúnra ẹ̀ náà, CR2032 tó yẹ kó ní fólítì 3, mítà kọ 2.2. Mo pààrọ̀ ẹ̀. Àǹtí wá sọ pé á jẹ́ òun ló fà á tó fi jẹ́ pé ní gbogbo àárọ̀ tóun bá tan ẹ̀rọ, ọjọ́ á ti padà sẹ́yìn tipẹ́, browser á sì máa sọ pé website ò ṣeé fọkàn tán. Òun ni. Certificate website ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kọ̀ǹpútà tó bá rò pé ọdún mìíì la wà á sọ pé kò tíì tó àkókò, kò ní ṣí i.

A dá gbogbo ẹ̀ padà sínú case, mo tẹ plọ́ọ̀gì oníhò mẹ́rin títí mo fi gbọ́ "kọ́ọ̀". Mo fi MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, sílẹ̀ lórí RAM tó kù di ọjọ́ kejì, kò rí àṣìṣe kankan. Lẹ́yìn ẹ̀ mo fún processor ní iṣẹ́ àṣekára fún bíi wákàtí kan, mo ń fọwọ́ kan plọ́ọ̀gì yẹn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò gbóná, 11.9 ló sì wà lórí irin inú ẹ̀ níbi tí processor ti ń jẹ ẹ́ tó yó.

Graphics card tí wọ́n tà fún àǹtí, mo dán an wò lórí ẹ̀rọ mìíì, ó dáa, kò wúlò fún un ni, mo ní kó dá a padà fún ẹni tó tà á, tí ìyẹn bá kọ̀ kó tà á fún ọmọ tó ń gbá game. RAM ló kù, torí 4GB kan ò tó ẹ̀rọ tó ń ṣí Word, browser àti scanner pọ̀. Mo ní kó ra DDR3 4GB ti desktop, tí wọ́n bá kọ 1.5V tàbí 1.35V sí i, bọ́ọ̀dù yẹn ń jẹ méjèèjì, àmọ́ tí ẹni tó ń tà á bá gbé èyí tó pọ̀ tí owó ẹ̀ sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ fún un, kó wo ara ẹ̀ dáadáa bóyá wọ́n kọ ECC Registered sí i. Ti server nìyẹn. Tó bá ki í sínú ẹ̀, fáànù á yí, iná á tàn, mọ́nítọ̀ á tún ṣú.